Bọ́ọ̀hóòlù mẹ́ta, omi dà? Bí kánsù ṣe ń yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, kánsẹ́lọ̀ dìde, ó fa ìwé yọ lápò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Bọ́ọ̀hóòlù mẹ́ta. Gọ́tà òpópónà méjì. Òrùlé ilé ìwòsàn tí ìjì ṣí, wọ́n ti kàn án padà. Iná sólà lẹ́bàá ọjà. Bó ti ń kà á làwọn kan ń pàtẹ́wọ́. Nígbà tó jókòó, ìyá àgbàlagbà kan tó ń ta ẹ̀fọ́ nawọ́ sókè.

“Ọnárébù, ẹ kú iṣẹ́ o, Ọlọ́run á máa ràn yín lọ́wọ́. Nínú bọ́ọ̀hóòlù mẹ́ta yẹn, èwo ni omi ń jáde lẹ́nu rẹ̀ láàárọ̀ yìí?”

Kánsẹ́lọ̀ yẹ ìwé náà wò síwájú, ó yẹ̀ ẹ́ wò sẹ́yìn. Èsì kò sí níbẹ̀. Mi ò rò pé ọkùnrin náà ń purọ́ fún wa. Lóòótọ́ ni wọ́n gbẹ́ bọ́ọ̀hóòlù mẹ́ta. Ohun tí ìyá béèrè ni kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n kọ sínú ìwé náà.

Láti ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ bá wọn tààrà, ọ̀rọ̀ kánsù kò kúrò lẹ́nu aráàlú mọ́. Orí rédíò là ń gbọ́ ọ, nínú mọ́tò là ń jà sí i. Wọ́n á ní kánsù báyìí ti ṣe “àyẹ̀wò iṣẹ́” rẹ̀, ó sì yege. Ta ló bi í ní ìbéèrè? Ta ló máàkì ìwé rẹ̀? Ohun tí mo fẹ́ là yé wa nìyẹn.

Kí là ń pè ní àyẹ̀wò iṣẹ́?

Ká kọ́kọ́ mọ ẹni tí à ń bá wí. Kánsù ni ìjọba ìbílẹ̀, èyí tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà wa jù. Ìpínlẹ̀ Ògùn ní 20. Mẹ́fà ni a máa ń kà sí ti Ìjẹ̀bú: Ìjẹ̀bú-Òde, Àríwá Ìjẹ̀bú tí olú rẹ̀ wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, Àríwá-Ìlà-oòrùn Ìjẹ̀bú ní Àtàn, Ìlà-oòrùn Ìjẹ̀bú ní Ògbẹ̀rẹ̀, Òdógbolú, àti Ògùn Waterside ní Àbígi. Rẹ́mọ ní mẹ́ta: Ṣàgámù, Ìkẹ́nnẹ́, àti Àríwá Rẹ́mọ tó fi Ìṣarà ṣe olú. Wọ́ọ̀dù àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán jẹ́ 103 nínú 236 tó wà ní gbogbo ìpínlẹ̀, kánsẹ́lọ̀ kan fún wọ́ọ̀dù kan.

Àyẹ̀wò iṣẹ́ ni kí kánsù jókòó lóòrèkóòrè, kó gbé ohun tó sọ pé òun máa ṣe fún aráàlú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, kó sì wádìí ìdí tí méjèèjì fi jọra tàbí tí wọn ò fi jọra. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé a máa ń pè é ní ohun mìíràn.

Fi wé aṣọ Ojúde Ọba. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ yín ti ra aṣọ, ẹ ti kó o fún télọ̀, ọjọ́ kẹta Ìléyá sì ń bọ̀. Ìbéèrè mẹ́ta ló wà lọ́rùn télọ̀ yẹn. Ǹjẹ́ ó gé lára aṣọ yín pa mọ́? Ìwádìí olè nìyẹn, ti ọlọ́pàá àti EFCC. Ǹjẹ́ rìsíìtì òwú àti bọ́tìnnì bá owó tó gbà mu? Iṣẹ́ ọ́dítọ̀ nìyẹn. Ǹjẹ́ aṣọ jáde kí ọjọ́ tó pé, ṣé ó sì bá yín lára mu? Èyí ni àyẹ̀wò iṣẹ́. Télọ̀ lè má jalè, kí rìsíìtì rẹ̀ pé pérépéré, kó wá kó aṣọ dé lọ́jọ́ kejì Ojúde Ọba. Ọ́dítọ̀ ò ní rí ẹ̀bi kankan lára rẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́?

Ìyẹn la fi ń rí kánsù tí ìwé owó rẹ̀ mọ́ tónítóní, tí ìgbẹ́ sì ti bo ilé ìwòsàn rẹ̀.

Iṣẹ́ wo gan-an ni ti kánsù?

Èèyàn ò lè fi ìdánwò tí wọn kò fún ọmọ ṣe fi í sílẹ̀ ní kíláàsì. Àfikún kẹrin tó wà lẹ́yìn ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 ló to iṣẹ́ kánsù lẹ́sẹẹsẹ: ọjà, gáréèjì, odò ẹran, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbo ènìyàn, itẹ́ òkú, òpópónà àdúgbò àti gọ́tà àti iná rẹ̀, ìdọ̀tí, orúkọ òpópónà àti nọ́ńbà ojúlé, ìwé ìbí, ìwé ikú, ìforúkọsílẹ̀ ìgbéyàwó. Ìwé àṣẹ kẹ̀kẹ́ ológeere, ọkọ̀ ojú omi àti bárò wà níbẹ̀, ti rédíò àti tẹlifíṣọ̀n náà wà níbẹ̀. (Ìgbà wo lẹ san ti tẹlifíṣọ̀n yín kẹ́yìn?) Ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ìlera, kánsù àti ìpínlẹ̀ ló jọ ń ṣe é.

Ọ̀nà márosẹ̀ Ṣàgámù sí Ìjẹ̀bú-Òde sí Ọ̀rẹ̀ kì í ṣe ti kánsù, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Èkó sí Ìbàdàn tó gba Ṣàgámù kọjá náà rí bẹ́ẹ̀. Ti Ìjẹ̀bú-Òde sí Ẹ̀pẹ́, ìpínlẹ̀ ló ṣe é. Ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn tó wà ní Ṣàgámù, ti ìpínlẹ̀ ni. Àmọ́ ẹ wọ mọ́tò ní gáréèjì, kí táyà já sínú kòtò, alága kánsù ni wọ́n máa ṣépè fún.

Ibi tó díjú ni ìdọ̀tí. Ìwé òfin ní ti kánsù ni, ṣùgbọ́n ní Ògùn, àjọ ìpínlẹ̀ kan tó ń jẹ́ OGWAMA ló ń bójú tó kíkó rẹ̀. Bí ààtàn bá wá ga ju orí ìsọ̀ lọ, kánsù á na ìka sí Abẹ́òkúta, Abẹ́òkúta á na ìka sí kánsù. Àyẹ̀wò tó bá mọ́yán lórí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé: apá tèmi rèé, apá tiwọn rèé. Bí kò bá sí ìyẹn, nọ́ńbà yòówù tó bá tẹ̀ lé e kò ní olówó.

Kí ni wọ́n ń kà?

Àwa tí gàrí wa lórúkọ kárí ilẹ̀ Yorùbá, ẹ jẹ́ ká fi gàrí sọ ọ́.

Ìyá kan ra ẹ̀gẹ́, ó san owó alọ̀ọ́, ó ra igi ìdáná, ó gba ọmọbìnrin méjì tó ń bó o. Gbogbo ìyẹn ni *ohun tó wọlé*. Ó jẹ́ kí ó kan dáadáa bí ti Ìjẹ̀bú ṣe máa ń kan, ó fún un, ó kù ú, ó dín in, ó jẹ́ àpò mẹ́rin. Àpò mẹ́rin yẹn ni *ohun tó jáde*. Ó gbé e lọ sọ́jà. Àwọn tó rà á mu ún. Ṣé wọ́n padà wá rà á lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àbí wọ́n ní iyanrìn wà nínú rẹ̀, wọ́n sì yà sí ìsọ̀ ẹlòmíràn? Èyí ni *ohun tó yí padà*.

Bí ìyá yìí bá ní àpò mẹ́rin lòun dín, òótọ́ ló sọ. Ẹni tó fi omi tútù po o tí eyín rẹ̀ gé iyanrìn ló mọ ìyókù ọ̀rọ̀.

Tí alága bá bọ́ sórí rédíò tó ní “a ná mílíọ̀nù báyìí báyìí lórí omi,” ẹ̀gẹ́ ló ń kà fún yín. Tí kánsẹ́lọ̀ bá ní “a gbẹ́ bọ́ọ̀hóòlù mẹ́ta,” àpò ló kà. Omi tó ń jáde, ìrìn tí àwọn ọmọdé ò rìn mọ́ kí wọ́n tó lọ sílé ìwé, inú rírun tó dín kù, ìyẹn ni gàrí tó dé ẹnu. Ìwé àyẹ̀wò tí mo ti rí, ipele kejì ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń dúró sí.

Kì í ṣe àbòsí ló máa ń fà á nígbà gbogbo. Ipele kẹta ṣòro í kà, ó máa ń pẹ́, kì í sì í ṣe ọwọ́ kánsù nìkan ló wà. Inú rírun lè dín kù nítorí pé òjò ò pọ̀ lọ́dún yẹn. Ẹni tó bá fi ipele kẹta nìkan dá kánsù lẹ́jọ́ ń rẹ́ ẹ jẹ. Ṣùgbọ́n láàárín ipele kejì sí ìkẹta, ìbéèrè kan wà tí kò gba owó, tí kò sì gba ọ̀mọ̀wé: *ṣé ó ṣì ń ṣiṣẹ́?* Òun náà ni ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ béèrè.

Àwọn àgbà á rántí wolé-wolé. Kì í bi ọ́ léèrè iye ìgbà tí o fọ àmù. Á ṣí ìdérí, á wo inú omi bóyá tanwíji wà níbẹ̀. Òdiwọ̀n nìyẹn: ohun kan pàtó tí a ti fẹnu kò sí, tí ojú lè rí, tí èmi àti ìwọ bá jọ wò ó, ohun kan náà la máa rí. “Ọjà wa á mọ́ tónítóní” kì í ṣe òdiwọ̀n. “Ọkọ̀ á máa kó ìdọ̀tí ọjà lọ́jọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀” ni òdiwọ̀n. Aláta tí kò ka ìwé rí lè fi èédú sàmì rẹ̀ sára ògiri ìsọ̀, oṣù á pé, á sì mọ iye tó wá àti iye tí kò wá.

Ẹ jẹ́ ká fi abẹ́rẹ́ ọmọ ṣe àpẹẹrẹ

Bí apá kan bá wà lára iṣẹ́ àdúgbò tí wọ́n mọ̀ ọ́n kà dáadáa, ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ni, pàápàá abẹ́rẹ́ àjẹsára. Mo fẹ́ ká dúró níbí díẹ̀, torí ẹni tó bá yé, ìyókù ti yé e.

Abẹ́rẹ́ kan wà tó ń dènà àrùn márùn-ún pa pọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọmọ ń gbà á: tó bá pé ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10, àti ọ̀sẹ̀ 14. Ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, nọ́ọ̀sì á kọ orúkọ ọmọ sínú ìwé ńlá. Ní ìparí oṣù, wọ́n á ro ó pọ̀, wọ́n á fi í ránṣẹ́ sí ẹ̀ka ìlera ní kánsù, níbi tí wọ́n ti ń tò ó sórí kọ̀ǹpútà.

Ká ní ilé ìwòsàn kan fún ọmọ 200 ní abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ láàárín ọdún kan, tí 150 nínú wọn sì gba ẹlẹ́ẹ̀kẹta. (Mo fi ṣe àpèjúwe ni, kì í ṣe ilé ìwòsàn ẹnikẹ́ni.) Tó bá jẹ́ “ohun tó jáde” là ń kà, a ó ní a ti fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ tó lé ní 500, a ó sì ya fọ́tò. Ṣùgbọ́n ọmọ 50 ló já sọ́nà, ìyẹn ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Lọ́dọ̀ àwọn elétò ìlera, bí àwọn tó já sọ́nà bá ti kọjá ìdá 10, nǹkan ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀? Ibí yìí ni àyẹ̀wò ti ń ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ lára ìṣírò lásán. Ìyá 200 yẹn mọ ilé ìwòsàn, wọ́n sì ti gbé ọmọ débẹ̀ rí. Nítorí náà kì í ṣe pé ọ̀nà jìn sí wọn, kì í sì í ṣe pé wọn ò gbọ́ nípa abẹ́rẹ́. Ohun kan ló lé wọn nígbà tí wọ́n dé. Bóyá wọ́n jókòó láti aago mẹ́jọ di ọ̀sán. Bóyá wọ́n dé, wọ́n ní abẹ́rẹ́ ti tán. Bóyá ẹnì kan gba owó káàdì lọ́wọ́ wọn. Bóyá nọ́ọ̀sì jágbe mọ́ wọn. Bóyá ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ilé ìwòsàn yàn ń bọ́ sí ọjọ́ ọjà, torí ọjà ọrọọrún ò mọ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, yíyí ló ń yí.

Tó bá jẹ́ pé ọmọ 60 péré ló gba ti àkọ́kọ́ níbi tí a ti ń retí 200, tí gbogbo 60 sì gba ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ẹjọ́ mìíràn nìyẹn. Àwọn tó dé ibẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn tó pọ̀ jù ò lè dé ibẹ̀. Oògùn rẹ̀ ni kí nọ́ọ̀sì gbé àpótí abẹ́rẹ́ lọ bá wọn ní abúlé. Bí ẹ bá wá lọ kọ́ ilé ìwòsàn ẹlẹ́wà tuntun fún ibi tí nọ́ọ̀sì ti ń jágbe mọ́ ìyá ọmọ, ẹ ti lo oògùn orí fún inú rírun.

Ta ló ń ṣe àyẹ̀wò, nígbà wo sì ni?

Ìlànà rẹ̀ kò le. Alága á gbé ètò ìṣúná ọdún, tí gbogbo wa ń pè ní bọ́jẹ́ẹ̀tì, lọ síwájú àwọn kánsẹ́lọ̀. Wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á buwọ́ lù ú. Bọ́jẹ́ẹ̀tì yẹn ni ìlérí tó wà ní kíkọ. Olórí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, ìlera, iṣẹ́ òde, ẹ̀kọ́, àgbẹ̀, omi àti ìmọ́tótó, á máa jábọ̀. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ló yẹ kí wọ́n máa ro ó pọ̀. Àwọn kánsẹ́lọ̀ ní ẹ̀tọ́ láti lọ fojú rí iṣẹ́ náà. Bí ọdún bá parí, ọ́dítọ̀ àgbà fún ìjọba ìbílẹ̀, tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ kánsù, á yẹ ìwé owó wò.

Ẹ kíyè sí i pé nínú gbogbo wọn, ọ́dítọ̀ nìkan ló ti ìta wá, owó ló sì ń wò. Àwọn yòókù, kánsù ló ń máàkì ìwé ara rẹ̀. Nínú ìdìbò tó wáyé ní Ògùn lọ́jọ́ 16 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, ẹgbẹ́ òṣèlú kan ló gba gbogbo àga alága 20. Mi ò ní ẹnikẹ́ni ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ jọ jẹ iyán lálẹ́ kì í sábà bi yín ní ìbéèrè tó le láàárọ̀.

Owó ńkọ́? Ṣé kánsù rí owó ṣiṣẹ́?

Bí wọ́n bá ti yọ ìpín àwọn ìpínlẹ̀ tó ń mú epo jáde, ₦100 kọ̀ọ̀kan nínú àpò àpapọ̀ ń pín báyìí: ìjọba àpapọ̀ ₦52.68, àwọn ìpínlẹ̀ ₦26.72, gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 774 tó wà ní Nàìjíríà ₦20.60. Owó orí ọjà ní ìṣírò tirẹ̀. Abala 162 nínú ìwé òfin ní kí ti ìjọba ìbílẹ̀ gba inú àpò àjùmọ̀ní kan tí ìpínlẹ̀ ń bójú tó. Inú àpò yẹn ni wọ́n ti ń yọ owó oṣù olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, owó ìfẹ̀yìntì, owó òṣìṣẹ́ ìlera àti ìpín àwọn lọ́balọ́ba, kí ó tó kan iṣẹ́ àdúgbò.

Ní ọdún 2023, ẹni tó jẹ́ alága Ìlà-oòrùn Ìjẹ̀bú nígbà náà kọ lẹ́tà síta pé òdo ni ìpín tó ń dé ọ̀dọ̀ àwọn kánsù. Ìjọba ìpínlẹ̀ ní kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìlú pín sí méjì, kálukú ń jà fún tirẹ̀. Ẹjọ́ wọn kọ́ ni mo wá dá. Ohun tó yẹ kó yé wa ni pé “owó tí wọ́n kọ sórúkọ kánsù” àti “owó tó kù tí alága lè fi gbẹ́ gọ́tà” kì í ṣe ohun kan náà. Ó dà bí òṣìṣẹ́ tí ìwé owó oṣù rẹ̀ sọ ₦100,000, tí alájẹṣẹ́kù ti gé ₦70,000 níbẹ̀. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ka ìwé yẹn, á ní ahun ni. Ìdájọ́ ọdún 2024 ní kí owó máa lọ tààrà, ṣùgbọ́n kò ní kí olùkọ́ má gba owó oṣù mọ́. Gígé yẹn á ṣì wà níbì kan.

Nínú àyẹ̀wò, owó tó kù ni kí ẹ fi díwọ̀n iṣẹ́. Kí kánsù náà sì fi iye tó kù hàn wá.

Ibi tí nọ́ńbà ti ń tan ni jẹ

Àkọ́kọ́ ni ọjọ́ àbẹ̀wò. Kí ọ̀gá tó dé láti Abẹ́òkúta, wọ́n á ti gbá ọjà, wọ́n á ti bu epo sí jẹnẹrétọ̀, omi á máa rú sókè. Nọ́ńbà ọjọ́ yẹn, ọjọ́ yẹn nìkan ló wà fún.

Èkejì ni ìfiwéra tí kò dọ́gba. Ṣé a lè fi Ìjẹ̀bú-Òde, tí ọkọ̀ lè yí gbogbo wọ́ọ̀dù rẹ̀ 11 po láàárín ọjọ́ kan, wé Ògùn Waterside, níbi tí òṣìṣẹ́ ti máa wọ ọkọ̀ ojú omi kó tó dé abúlé mìíràn? Bí Waterside bá ṣe ìdajì ohun tí Ìjẹ̀bú-Òde ṣe, ó lè jẹ́ pé òun ló làágùn jù. Èyí tó tọ́ ni kí kánsù kọ̀ọ̀kan wo ibi tí òun fúnra rẹ̀ wà lọ́dún tó kọjá.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú ìwé. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà ní ọjà kan tí mo mọ̀. Ó mọ́, omi wà níbẹ̀, gbogbo òdiwọ̀n ló yege. Àwọn obìnrin kì í wọ̀ ọ́, torí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí ibi tí àwọn agbèrò ń jókòó sí. Ìwé àyẹ̀wò wo ló ní àyè fún ìyẹn, bí kò bá ṣe pé ẹnì kan bi ìyálọ́jà?

Kí ni ìwọ lè béèrè?

Òfin tó fún aráàlú ní òmìnira láti rí ìwé ìjọba ti wà láti ọdún 2011. O ò ní sọ ìdí tí o fi fẹ́ ẹ. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti dá ọ lóhùn. Wọ́n lè fi ọjọ́ 7 kún un tí ìwé náà bá pọ̀ gan-an. Àwọn kan ń jiyàn tẹ́lẹ̀ pé òfin yìí ò kan ìpínlẹ̀ àti kánsù. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ parí ìjà yẹn ní oṣù Kẹrin ọdún 2025: ó kan gbogbo wọn.

Má béèrè pé “kí ni ẹ ṣe fún wa?” Àtòkọ ni wọ́n máa kà fún ọ. Kọ ọ́ pé: kí ni bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún yìí sọ fún wọ́ọ̀dù wa, èló ló jáde fún un, kí ni wọ́n ti ṣe, èwo ló ń ṣiṣẹ́ lónìí nínú àwọn tí wọ́n ṣe lọ́dún méjì sẹ́yìn, ta ló sì ń tún un ṣe bó bá bàjẹ́? Kí ẹgbẹ́ àdúgbò buwọ́ lù ú, kó má jẹ́ orúkọ ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ gba àmì pé wọ́n ti gbà á, kí ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan.

Àwa ò tíì kọ lẹ́tà kankan nígbà tí kánsẹ́lọ̀ wa padà wá sípàdé tó tẹ̀ lé e. Ìwé ọ̀tọ̀ ló mú wá. Ó ti fi rúlà fa ìlà kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó fi báírò kọ “ó ń ṣiṣẹ́” sí iwájú bọ́ọ̀hóòlù kan, “ẹ̀rọ ti jó” sí iwájú èkejì, “kò sí iná” sí iwájú ẹ̀kẹta. Ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ ní kí ó fa ìlà kan sí i, kó kọ ọjọ́ tí wọ́n máa tún un ṣe síbẹ̀. Kánsẹ́lọ̀ yá rúlà lọ́wọ́ akọ̀wé.